Iná bátìrì tàn lójú ọ̀nà, a wà ní Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé a lè dé Ìlọrin?

Ará Ìkòròdú
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ nípa mọ́tò tètè dá mi lóhùn. Corolla 2005 la gbé, láti Ìkòròdú la ti ń bọ̀, Jẹ́bà là ń lọ. Bí a ṣe kọjá Ọ̀yọ́ díẹ̀ ni iná pupa tó ní àwòrán bátìrì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú, nígbà tó yá ó tàn pátápátá, kò sì kú mọ́. Mọ́tò ń sáré dáadáa, kò gbọ̀n, kò gbóná. A ti yà sí ilé epo kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì kan tó wà níbí ní bátìrì ti kú, ká ra tuntun. Bátìrì yìí ò sì tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi. Màmá mi àtàwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀. Ṣé kí n ra bátìrì ni? Ṣé kí n pa ẹ́ńjìnnì, àbí ká máa fi wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ dé Ìlọrin? Aago mẹ́ta ti kọjá.

Rewaya Agodi
Ẹ má ra bátìrì. Ẹ má tíì ra nǹkan kan rárá.

Iná yẹn kì í sọ pé bátìrì bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí i, ò gbé iná wá sínú bátìrì mọ́. Láti ìgbà tó ti tàn, ara bátìrì nìkan ni mọ́tò ń jẹ: pọ́ǹpù epo, coil tó ń tan pọ́ọ̀gì, brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì), fáànù rédíétọ̀, gbogbo wọn pátá. Tí ẹ bá ra tuntun, ẹ á lọ díẹ̀, òun náà á gbẹ, owó á sì ti wọlé ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nísinsìnyí, kí ẹ wo bẹ́líìtì. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kàn wò ó. Nínú Corolla yín, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí alternator, AC, pọ́ǹpù sítíárì àti pọ́ǹpù omi. Tó bá ti já tàbí tó bọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, nítorí omi ò yí mọ́ nìyẹn, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, orí rẹ̀ á sì ká. Ọ̀rọ̀ bátìrì wá di kékeré nígbà náà. Bí ẹ ṣe ní kò gbóná yìí, tí sítíárì ò sì le, mo gbà pé bẹ́líìtì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fojú rí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá mítà tí wọ́n fi ń wọn fóltì. Ẹ má sọ pé kò sí mítà nílùú. Kò sí ẹni tó ń tún fóònù ṣe tí kò ní in, àwọn tó ń fi sólà sílé náà ní in. Kó gbé e sí DC 20, kó fi wáyà pupa kan orí bátìrì tó ní àmì àròpọ̀, dúdú sí ìkejì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí ni 13.5 sí 14.7. Tó bá wà lábẹ́ 13, tó sì ń rọra sọ̀kalẹ̀, alternator ò ṣiṣẹ́. Tó bá lé ní 15, regulator tó ń darí fóltì alternator ló yawọ́, yóò se omi inú bátìrì yín gbẹ, ìyẹn náà kì í ṣe ohun tí ẹ máa gbé rìn. Tí mọ́tò bá ti kú tó sì ti sinmi, bátìrì tó kún máa ń wà ní bíi 12.6, èyí tó ti jẹ dé ìdajì á wà ní bíi 12.2.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín lé lórí: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí òun yọ hẹ́ẹ̀dì bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ kí òun fi mọ̀ bóyá alternator dára, ẹ lé e kúrò nídìí ọkọ̀ yín. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la bá a nídìí iṣẹ́, àwọn ọ̀gá wa ló fi kọ́ wa. Nínú mọ́tò àtijọ́ kò sí ewu púpọ̀. Nínú mọ́tò tó ní brain box, bí ẹ bá ti yọ ọ́, fóltì lè fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì jó brain box. Owó brain box tó ra alternator mélòó kan.

Ìyá Elépo Pupa
Àbúrò mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Rewaya ti sọ ti mọ́tò, èmi á sọ ti èèyàn. Ẹ kó Màmá àtàwọn ọmọ jáde síbi tó ní ibòji, kí ẹ ra omi fún wọn. Ẹ pa AC, ẹ pa rédíò, ẹ yọ fóònù tí ẹ fi ń ṣájì lára mọ́tò. Ẹ bẹ ilé epo yẹn kí wọ́n bá yín ṣájì fóònù, torí fóònù lẹ máa fi gba ara yín là tó bá di alẹ́.

Èmi ń gba ọ̀nà yẹn ṣòwò, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ: ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín nínú igbó. Inú ìlú lẹ wà báyìí, wọ́n ń tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì wà, àwọn ará yín náà wà níbẹ̀ bí ẹ bá wádìí. Tí kò bá tíì dára títí aago márùn-ún, ẹ wá ibi sùn. Ẹni tó ń dúró dè yín ní Jẹ́bà á gbọ́ lórí fóònù.

Tí ọkọ̀ bá sì dákú lójú títì, ẹ tì í kúrò lọ́nà, ẹ gbé C-caution sẹ́yìn jìnnà dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sínú ọkọ̀. Àwọn Road Safety, 122 ni nọ́ńbà wọn.

Ẹ dúnàádúrà kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Kí ọkùnrin kan dúró ti ẹni tó ń tú u, kó má lọ jẹun. Ohun tí wọ́n bá yọ kúrò, ogbó ni àbí tuntun, kí wọ́n dá a padà sọ́wọ́ yín.

Baba 504
Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ìbẹ̀rù yín pọ̀ jù. Láyé ìgbà tí a ń wa 504, alternator á kú ní Kàdúná, a ó sì gbé e dé Ìbàdàn. Kí ọ̀sán má di òru ṣáá ni. Ìlọrin tó wà nítòsí yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní iná.

Rewaya Agodi
Baba, ẹ kú àgbà o. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ti 504 nìyẹn. Kábúrétọ̀ ló ń lò, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń fa epo, kò sí pọ́ǹpù oníná nínú táǹkì. Ẹyọ coil kan péré ló ń jẹ iná, ìyẹn ò sì tó nǹkan. Èyí tó jẹ́ dísù láyé ìgbà yẹn tiẹ̀ lè máa lọ láìsí bátìrì rárá bó bá ti dá tán. Corolla 2005 ò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù epo, injector tó ń fọ́n epo, coil mẹ́rin, brain box, fáànù tó ń tan tó ń kú, iná ni gbogbo wọn ń jẹ. Tí fóltì bá ti bọ́ sí nǹkan bí 10, brain box á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèrànrán, mọ́tò á máa já, á sì kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní bátìrì yín jẹ́ 60 àńpù-wákàtí, tó sì kún. Ẹ́ńjìnnì àti fáànù lè máa jẹ bíi 15 sí 20 àńpù. Lórí ìwé, wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n bátìrì kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì omi tí èèyàn lè dà gbẹ dé ìsàlẹ̀. Kó tó gbẹ tán ni fóltì á ti bọ́. Bátìrì tó ti lò díẹ̀ kì í sì í gba 60 mọ́. Torí náà wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ni mo máa ń sọ fún oníbàárà mi, lọ́sàn-án, láìsí AC. Tó bá di alẹ́ tí ẹ tan iná iwájú, gílóòbù méjèèjì jẹ́ 55 wáàtì, wọ́n á fi bíi 9 àńpù kún un. Fáànù AC inú ọkọ̀ náà kì í kéré.

Ẹ tún rántí pé láti ẹ̀yìn Ọ̀yọ́ ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Ẹ fún mi ní ohun tí mítà sọ ká tó máa sọ̀rọ̀ Ìlọrin.

Ará Ìkòròdú
Ẹ ṣé gan-an. Bẹ́líìtì wà níbẹ̀, ó le dáadáa. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo bá wa wọ̀n ọ́n: 12.1, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. A ti pa á báyìí. Mẹkáníìkì tó ní ká ra bátìrì ti bínú lọ.

Rewaya Agodi
Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

12.1 túmọ̀ sí pé kò gba nǹkan kan láti ara alternator, àmọ́ ó ṣì lè dá ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo àwọn nǹkan yìí, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn alternator, pọ́ọ̀gì kékeré kan wà tí wáyà mẹ́ta wọnú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ wò ó bóyá ó ti tú, tàbí eruku àti epo ti kún inú rẹ̀. Nínú àpótí fíúsì, ẹ ka ẹ̀yìn ìdérí rẹ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ALT-S sí. Tó bá já, regulator ò mọ iye fóltì tó wà lórí bátìrì mọ́. Fíúsì ńlá ALT náà ń bẹ níbẹ̀, ìyẹn sábà máa ń jó nígbà tí ẹnì kan bá gbé bátìrì yí padà, tó fi àròpọ̀ sí ibi àyọkúrò. Ẹ bi ara yín bóyá ẹnikẹ́ni ti yọ bátìrì láìpẹ́. Wáyà kan tó nípọn tún wà tó fi nọ́ọ̀tì wọ alternator lẹ́yìn. Iná wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, torí náà ẹ má fi sípánà kàn án láìjẹ́ pé ẹ ti yọ hẹ́ẹ̀dì dúdú lórí bátìrì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní pípa.

Tí gbogbo ìyẹn bá dára, ẹ dá mọ́tò. Kí ẹni tó ní mítà dúró tì í. Ẹ fi ìdí sípánà rọra gbá ẹ̀yìn alternator, kì í ṣe ibi bẹ́líìtì o, kí ẹ sì di aṣọ yín mọ́ra kó má baà kàn án. Tí mítà bá fò lójijì, ó jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, èédú kékeré tó ń gbé iná dé òrùka bàbà tó ń yí nínú alternator. Ó ti jẹ tán, kò kan òrùka mọ́, gbígbá yẹn ló mì í tó fi kan.

Sólà Ìwó
Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́: bí ẹni kan bá ní bátìrì sólà tó jẹ́ 12 fóltì nítòsí, ẹ lè yá a, kí ẹ so ó mọ́ ti mọ́tò pẹ̀lú wáyà tó nípọn, á gbé yín jìnnà ju bátìrì mọ́tò lọ. Ẹ má gbé odindi nǹkan tó wà nílé wá o, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti so méjì tàbí mẹ́rin pọ̀ di 24 tàbí 48. Ẹyọ kan péré. Lithium ńkọ́? Òun lè máa bọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ṣe kick starter, ohun tó ń ṣọ́ ọ nínú lè pa á lójijì. Kí ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, kó má dojú dé.

Baba 504
Mo gbọ́ ti 504, mo gbà. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ti wáyà yẹn, ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má dá tírélà dúró pé kó bá wọn jọ́ǹpù. Tírélà àti lọ́rì ńlá, 24 fóltì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Awakọ̀ tó láàánú á ní "ẹ mú un wá", kí ẹ tó mọ̀, gbogbo nǹkan inú ọkọ̀ kékeré ti jó. Ọkọ̀ kékeré bíi tiyín ni kí ẹ dá dúró. Pupa sí pupa, dúdú sí irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà, kó jìnnà sí bátìrì. Èyí tí a fi dúdú parí ni a kọ́kọ́ ń yọ.

Ìyá Elépo Pupa
Baba, ẹ ṣeun, èyí wọ̀ mí létí.

Ará Ìkòròdú
Fíúsì dára, pọ́ọ̀gì dára. A gbá a, mítà fò sí 13.9, iná pupa kú! Inú wa dùn, ó tó bí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló tún padà sí 12. Wọ́n ti mú wa dé ọ̀dọ̀ rewaya kan ní Tákíè. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì ni lóòótọ́, òun lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnì kejì tó wà níbẹ̀ ní ká kúkú ra alternator tòkúnbọ̀, pé búrọ́ọ̀ṣì ò ní pẹ́. Èwo ni ká ṣe?

Rewaya Agodi
Búrọ́ọ̀ṣì. Tòkúnbọ̀ tí ẹ máa rà yẹn, ẹ ò mọ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ti jẹ dé.

Nínú alternator Toyota, tó bá ti yọ ìdérí ẹ̀yìn, sukúrù mélòó kan ló mú ilé búrọ́ọ̀ṣì mọ́ra. Ẹ ní kó fi òrùka bàbà méjèèjì tí búrọ́ọ̀ṣì ń kàn hàn yín. Tó bá dán, kódà tó bá dúdú díẹ̀, kó fi pépà oníyanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún. Tó bá ti jẹ di kòtò jíjìn, búrọ́ọ̀ṣì tuntun ò ní pẹ́ níbẹ̀, nígbà náà ọ̀rọ̀ ẹnì kejì yẹn lè jẹ́ òótọ́. Kó fọwọ́ yí i náà. Tó bá ń han yùn-ùn tàbí tó ń mì, bẹ́ríìnì rẹ̀ ti lọ.

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ ra tòkúnbọ̀, kí pọ́ọ̀gì rẹ̀ àti iye ihò inú pọ́ọ̀gì bá tiyín mu, kí púlì rẹ̀ náà bá ti bẹ́líìtì mu. Wọn á dè é sí mọ́tò, wọn á wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Kí ó sì hàn pé tí kò bá ṣiṣẹ́ ẹ ó dá a padà. Èmi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi kí wọ́n má ra nǹkan iná lọ́wọ́ ẹni tó ní "ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ wò nílé."

Tó bá parí, ẹ má kàn wo pé iná pupa ti kú. Ẹ tan iná iwájú, ẹ tan AC, ẹ gbé fáànù rẹ̀ sókè, kí ẹ́ńjìnnì máa rọra ṣiṣẹ́. Mítà ò gbọdọ̀ bọ́ sábẹ́ 13.5. Bátìrì tó ti jẹ dé 12.1 yẹn náà, tẹ́ ẹ bá sùn síbì kan lálẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣájì bátìrì gbé e sórí iná. Tí alternator bá ń kún bátìrì tó gbẹ nígbà tó tún ń gbé AC, á gbóná gan-an, ẹ má sì gbàgbé pé ara rẹ̀ kò tíì yá tán.

Ará Ìkòròdú
A ti dé Ìlọrin. Òrùka dára, búrọ́ọ̀ṣì ló pààrọ̀. 14.2 pẹ̀lú AC àti iná iwájú. Ibí la máa sùn, ọ̀la la máa lọ Jẹ́bà. Màmá ní kí Ọlọ́run bù kún gbogbo yín, wọ́n ní kí n bi Ìyá Elépo Pupa bóyá kẹ́ẹ̀gì kan ṣì wà.

Ìyá Elépo Pupa
Ó wà o! Ẹ fi ìkíni sí Màmá.

Àjàlá Houston
Mo ń ka gbogbo yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un fún àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, torí ọ̀nà gígùn wà níbí náà, èèyàn lè wà lórí títì márosẹ̀ I-10 kó má rí ìlú gidi fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ilé ìtajà ohun èlò mọ́tò bíi AutoZone, O'Reilly àti Advance máa ń wọn bátìrì àti alternator lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wakọ̀ lọ sí èyí tó bá sún mọ́ yín kí ẹ tó pe mẹkáníìkì. Nígbà tí ẹ bá ra alternator lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi owó kan lé e, wọ́n á sì dá owó náà padà tí ẹ bá gbé ògbólógbòó wá. Torí náà ẹ má sọ ògbólógbòó nù sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ jù ú sí búùtù, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ̀ka wọn ní ìlú mìíràn sábà máa ń gbà á.

Ohun méjì mìíràn. Àwọn mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, brain box ló ń pàṣẹ fún alternator. Ó lè dín in kù sí 12.8 nígbà tí bátìrì bá kún kó fi dá epo sí, torí náà mítà lè dẹ́rù bà yín lásán. Ẹ tan iná iwájú kí ẹ tún un wọ̀n. Prius àti hybrid Toyota yòókù ò tiẹ̀ ní alternator rárá. Inú bátìrì ńlá ni iná ti ń bọ̀ sínú bátìrì 12 fóltì kékeré. Tí iná ìkìlọ̀ bá tàn lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wáyà tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọsàn, ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Iná inú rẹ̀ lé ní 200 fóltì, ó lè pa èèyàn.

Rewaya Agodi
Òótọ́ ni. Wọ́n ti gbé Prius wá bá mi, èmi náà dá wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ọ.

Sólà Ìwó
Kí la lè máa gbé sí búùtù? Èmi ní mítà kékeré kan, kò wọ́n, ó sì ti gba àwọn èèyàn mi lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ irọ́.

Baba 504
Mítà, wáyà jọ́ǹpù tó nípọn (èyí tó fẹ́lẹ́ yẹn kò ju ọ̀ṣọ́ lọ), sípánà 10 fún hẹ́ẹ̀dì bátìrì, 12 àti 14 fún alternator, fíúsì oríṣiríṣi, tọ́ọ̀ṣì. Àti bẹ́líìtì àtijọ́. Tí ẹ bá pààrọ̀ bẹ́líìtì, ẹ má sọ ti tẹ́lẹ̀ nù bí kò bá tíì sán. Ìdì ìyẹn ni mo máa ń gbé lọ síbi tó jìnnà.

Ìyá Elépo Pupa
Rewaya, ó kù mí kan. Sienna mi, iná bátìrì máa ń tàn fìrì nígbà tí mo bá tan AC nínú gosíló, tí mo bá tẹ iná, ó kú. Tí òjò bá rọ̀ láàárọ̀ ó máa ń ké "kíìí" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣé búrọ́ọ̀ṣì náà ni?

Rewaya Agodi
Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́líìtì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Igbe yẹn lójò, yíyọ̀ ló ń yọ̀, tàbí tensioner tó ń fà á le ti dẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbé AC, á yọ̀, alternator ò ní yí tó. Tí bẹ́líìtì bá dára, ká wo wáyà tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti bátìrì ní apá dúdú. Ipata máa ń jẹ ẹ́ nínú, ojú ò ní rí i. A ó fi mítà kan ara alternator àti orí bátìrì tó jẹ́ àyọkúrò nígbà tí gbogbo iná bá wà ní títàn. Tó bá lé ní 0.2 fóltì, wáyà yẹn ló ń jẹ iná yín. Ẹ gbé e wá láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kí ẹ má sì kó ẹrù sínú rẹ̀ wá.